Àbọ̀ ìbéèrè mi: owó ọsàn tí oníbàárà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká ní Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín. Mo bèèrè bóyá owó ìwọlé ni ká gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ ká ọsàn lóko, tàbí owó kílò. A pa méjèèjì pọ̀: 500 fáránkì lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì yọ ọ́ nínú owó ohun tó bá ká. Bí kílò bá jẹ́ 200, tó ká kílò 6, 1,200 ni. Yóò san 700 sí i. Ẹni tó jẹ ọsàn lábẹ́ igi, tó ya fọ́tò, tó sì lọ lọ́wọ́ òfo, ti san tirẹ̀.

Ẹ má fi apẹ̀rẹ̀ tà o! Wọ́n á kó o gègèrè, owó pẹrẹsẹ ni wọ́n á fẹ́ san. Ìwọ̀n ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ́kọ́ wọn apẹ̀rẹ̀ lófìfo, kí ẹ lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ fún wọn ní àlùmọ́gàjí. Ọsàn tí wọ́n bá fà já máa ń ya níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń wọlé. Poro méjì péré ni kí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo oko bá ṣí, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n á ká.

Ìdáhùn tó mi, mo ti ìbéèrè yìí pa.