Kí lẹ máa ń wò láti fi mọ irọ́ ìjọba kí ogun tó dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Irọ́ tí ìjọba máa ń gba ẹnu oníròyìn pa tí wọ́n bá ń wá ìjà ìlú mìíràn ló ń kọ mí lóminú. Ní oṣù kẹwàá 1990, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan sunkún níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kan. Ó ní ojú òun báyìí ni àwọn ṣọ́jà Ìráàkì ṣe gbé ọmọ ìkókó kúrò nínú ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru ní ọsibítù kan ní Kùwéètì. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri. Ó di 1992, ogun tí Amẹ́ríkà bá Ìráàkì jà nítorí Kùwéètì ti parí, kí aráyé tó gbọ́ pé ọmọ aṣojú ìjọba Kùwéètì ní Washington ni ọmọbìnrin náà, tí kò sì sí ẹ̀rí fún ìtàn tó sọ!

Mo ti ń ka ìwé ìròyìn ìlú méjèèjì tó bá ń jà, àmọ́ ẹ̀yìn ìjọba tiẹ̀ ni kálukú ń gbè sí. Mo tún ń fi àtẹ̀jáde ìjọba méjèèjì wéra lẹ́yìn tí wọ́n bá jọ ṣèpàdé. Ẹ ó rò pé ìpàdé méjì ni wọ́n ṣe.

Kí lẹ̀yin máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀, tó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ fura nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná? Ẹ ṣeun, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.