Ẹ̀dínwó ìtanràn, àtúnṣẹ̀ àti àrútúnrú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ ààbò ibi iṣẹ́ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. "Ìdínkù owó ìtanràn" tí ẹ pe ìyípadà tí OSHA, àjọ ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe ní oṣù Keje 2025 ni mi ò fara mọ́. Oní-tírélà ní Àpápá tó bá kà á á rò pé iye tó wà nínú òfin ló wálẹ̀. Rárá o. Gbèdéke ọdún náà jẹ́ $16,550 fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan, ó tiẹ̀ ju ti 2024 lọ. Àwọn tó lè rí nǹkan yọ kúrò nínú rẹ̀ ló pọ̀ sí i: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 25 lọ (òṣìṣẹ́ 10 ni tẹ́lẹ̀) lè rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá tún àléébù ṣe lójú ẹsẹ̀ lè rí ìdá 15. Ẹ̀dínwó nìyẹn. Bí ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà bá dín owó fún oníbàárà, iye ọjà kò yí padà.

"Àtúnṣẹ̀" tí ẹ dá fún rírú òfin kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i ("repeat violation") ló kọ mí lóminú jù. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó di "atunse". Èwo nínú méjèèjì? Àtúnṣe ń mú ẹ̀dínwó wá. Àtúnṣẹ̀ gbé gbèdéke 2025 dé $165,514, bí ìlọ́po mẹ́wàá. Mo dábàá "àrútúnrú", bíi àwítúnwí àti àsọtúnsọ. Kò sì dìgbà tó bá jẹ́ yáàdì kan náà. Bí wọ́n bá bu ìtanràn lé ilé iṣẹ́ kan nítorí pé kò há táyà tírélà kí fọ́ọ̀kùlífìtì, ọkọ̀ tó ń fi irin gbé ẹrù, tó wọ inú rẹ̀, tí wọ́n tún bá irú rẹ̀ ní yáàdì rẹ̀ mìíràn láàárín ọdún márùn-ún, àrútúnrú ni. (Fọ́ọ̀kùlífìtì máa ń fi ìwúwo rẹ̀ ti tírélà tí wọn kò há síwájú, àlàfo á yọ láàárín tírélà àti pèpéle ìkẹ́rù, ẹ̀rọ á já síbẹ̀ tòun tẹni tó ń wà á.)

"Ìgbọràn" tí ẹ lò fún "compliance" kò tó. Ti ọmọ sí òbí nìyẹn. "Pípa òfin mọ́" tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "wákàtí awakọ̀" kúrò nínú àkójọ yìí. FMCSA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, ló ni ìyẹn lójú pópó, bó ṣe jẹ́ pé FRSC, àjọ ààbò ojú pópó tiwa, ló ń bi awakọ̀ léèrè twist-lock mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di kọ̀nténà mú ní Mile 2. Yáàdì àti pèpéle ni ti OSHA.