Ìrànwọ́ ìjọba ní Íńdíà: ṣé ìran tí a bí ènìyàn sí ló yẹ kí wọ́n wò, àbí òṣì?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣèlú:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lórí ìṣèlú orílẹ̀-èdè Íńdíà ló gbé ìbéèrè yìí wá. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2011, ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù ni wọ́n kà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Mùsùlùmí sì lé ní ìdá 14. Èdè 22 ni òfin ìpìlẹ̀ wọn dárúkọ. Lórí gbogbo èyí ni ètò kásìtì tún wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n ń bí ènìyàn sí, èyí tí ó ti ń pinnu láti ayébáyé irú iṣẹ́ tí ẹnì kan yóò ṣe àti ìdílé tí ó lè fẹ́ aya nínú rẹ̀.

Ohun tí ó rú mi lójú ni pé òfin kan náà tí ó ní kí ìjọba má ṣe fi kásìtì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ ló tún fàyè gbà á pé kí wọ́n ya ipò sọ́tọ̀ fún àwọn kásìtì kan. Ṣé kò ní sàn kí wọ́n wá àwọn tálákà rí, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ ìran sì tán síbẹ̀?

Olùkọ́-Àgbà:

Ọ̀rọ̀ méjì ló dà pọ̀ nínú ìbéèrè rẹ, àwọn ará Íńdíà sì fi òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tọ́jú wọn: ebi àti ìwọ̀sí.

Wo B. R. Ambedkar, ẹni tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin ìpìlẹ̀ náà. Ọmọ Mahar ni, ọ̀kan nínú àwọn ìran tí àwọn tó kù gbà pé àwọn kò gbọdọ̀ fara kàn. Bàbá rẹ̀ ní ipò nínú iṣẹ́ ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kì í ṣe inú òṣì paraku ni wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, orí àpò tí ó ń gbé ti ilé bọ̀ ló ń jókòó lé ní kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Ìránṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ń bá a ṣí i, bí ìránṣẹ́ náà kò bá sì wá lọ́jọ́ kan, òǹgbẹ ni yóò gbé ọmọ náà délé. Eélòó ni ìjọba ì bá fún bàbá rẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn yóò fi jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan omi? Ní oṣù kẹta ọdún 1927, Ambedkar kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí adágún Chavdar ní ìlú Mahad láti mu omi tí àwọn aláṣẹ ìlú náà ti ní kí gbogbo ènìyàn máa lò. Wọ́n mu ún, àwọn kan sì tìtorí rẹ̀ lù wọ́n.

Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950, abala 17 fòpin sí àṣà yìí, abala 16 sì fún ìjọba láyè láti ya ipò sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ ọba. Ní 1951 ni wọ́n fi ti ilé ẹ̀kọ́ kún un. Lónìí, nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn Dalit, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti ń sá fún tẹ́lẹ̀, ìdá 7.5 jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adivasi, ìdá 27 sì jẹ́ ti àwọn ìran mìíràn tí ìlọsíwájú kò tètè kàn. Ìdá 27 yìí ló dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀ jù lọ: nígbà tí V. P. Singh, olórí ìjọba nígbà náà, kéde rẹ̀ ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 1992, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé gbogbo ìpín bẹ́ẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 lọ, àyàfi tí ìdí àrà ọ̀tọ̀ bá wà.

Ìyá-Ìbejì:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a dé ìdí oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Íńdíà ti ń bá ìjọba wọn pàdé lójúkojú. Òfin ààbò oúnjẹ ti ọdún 2013 lè kan tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìgbèríko àti ìdá 50 àwọn ará ìlú ńlá. Kílò márùn-ún ọkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gbà lóṣù. Rúpì mẹ́ta ni kílò ìrẹsì tẹ́lẹ̀, àlìkámà jẹ́ rúpì méjì, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Orúkọ obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ni wọ́n sì ń fi sórí káàdì, ohun tí mo ka sí ọgbọ́n ńlá nínú òfin náà.

Ìṣòro wà ní orí tábìlì ẹni tí ń pín in. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ń fi ìtẹ̀ka wá ènìyàn rí nínú àkọsílẹ̀ Aadhaar, nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 12. Ìyá àgbà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ́ òkúta gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó nu ìka mára aṣọ, ó tún un gbé, ẹ̀rọ tún kọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ti họ ìlà ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fàyè gba lílo Aadhaar fún ìrànwọ́ ní 2018, ó sì ní kí wọ́n má ṣe tìtorí ìtẹ̀ka tó kọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìdájọ́ náà fún ẹni tí ń pín oúnjẹ ní abúlé? Ó dùn mí pé àwọn tí iṣẹ́ ti jẹ lọ́wọ́ jù ni ẹ̀rọ náà ń dá padà.

Akẹ́kọ̀ọ́, wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ebi àti ìwọ̀sí ti pàdé. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ti sọ ọ́ di ètò ńlá láti 1982, ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 2001 pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba máa fún ọmọ ní oúnjẹ sísè. Ní 2004 ó fi kún un pé àwọn Dalit àti Adivasi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́ oúnjẹ sísè náà. Láti ìgbà náà, ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra pé àwọn òbí kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn jẹ oúnjẹ tí obìnrin Dalit sè. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni, ebi sì lè máa pa ọmọ náà, síbẹ̀ wọ́n kọ̀ ọ́.

Adéwùmí_K:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, èmi rò pé ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù bí ẹ ṣe mú un lọ. Nígbà tí ìran kan bá ti ń jẹ àǹfààní ipò yìí fún ìran méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ọlọ́rọ̀ inú rẹ̀ ló máa ń gbà á. Ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ rí i ní 1992, ìdí nìyẹn tí ó fi ní kí wọ́n yọ àwọn tó rí já jẹ kúrò nínú ìpín ìdá 27: lónìí, ọmọ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju 800,000 rúpì lọ kò sí nínú rẹ̀. Ní 2019 ìjọba tún ya ìdá 10 sọ́tọ̀ fún àwọn tálákà tí wọ́n wá láti ìran tí kò sí nínú ìpín kankan, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i ní 2022. Òṣì ti wọ inú ìṣirò náà nìyẹn.

Ìkùnà kan sì wà tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà. Àṣẹ ọdún 1950 tí ó ka àwọn Dalit sí ẹni tí ìpín tọ́ sí mú un mọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan. Wọ́n fi àwọn ẹlẹ́sìn Sikh kún un ní 1956, wọ́n sì fi àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kún un ní 1990. Dalit tó di Kristẹni tàbí Mùsùlùmí kò sí nínú rẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ àwọn ará abúlé rẹ̀ kò ṣíwọ́ pípe ìran rẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé ó yí ẹ̀sìn padà. Èyí kò tọ́ rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣèlú:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí i pé owó nìkan kò lè tán ọ̀rọ̀ omi Ambedkar. Ìbéèrè kan ló kù: ní abúlé, ta ni ń pinnu ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wọlé?

Olùkọ́-Àgbà:

Ìgbìmọ̀ abúlé tí wọ́n ń pè ní Panchayat ló sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà yàtọ̀. Àtúnṣe kẹtàléláàádọ́rin sí òfin ìpìlẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin, kí àwọn Dalit àti Adivasi sì ní iye tó bá pípọ̀ wọn mu. Ìpínlẹ̀ Bihar gbé ti obìnrin dé ìdajì ní 2006. Ní ibòmíràn ọkọ ló ń jókòó sí ipò aya rẹ̀ tó wọlé ìdìbò, àmọ́ èmi kò ní torí ìyẹn ní kí wọ́n gba ipò náà padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀ ti di olórí ní tòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà.

Ní ti Adéwùmí, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn Dalit tó yí ẹ̀sìn padà, n kò sì rí àwáwí kankan fún un. Ní ti iye tó yẹ kí ìran kọ̀ọ̀kan gbà, ìkànìyàn ọdún 1931 ni wọ́n ti ka gbogbo kásìtì jákèjádò orílẹ̀-èdè kẹ́yìn, tí wọ́n sì gbé iye rẹ̀ jáde. Bihar ka tirẹ̀ ní 2023, ó sì rí i pé àwọn ìran tí ìlọsíwájú kò tètè kàn lé ní ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Ìpínlẹ̀ náà wá gbé ìpín rẹ̀ dé ìdá 65, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga ìlú Patna fagi lé e ní 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò ka kásìtì nínú ìkànìyàn tó ń bọ̀, ó sì dá mi lójú pé bí iye náà bá ti jáde, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ ìdá 50 yẹn padà lọ síwájú adájọ́.