Owó àjọ mi àti ọkọ mi kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àdìrẹ ni mò ń ṣe l'Óṣogbo níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ₦200,000, tí mo fẹ́ fi ra aṣọ funfun àti aró sílẹ̀ de ọdún Ọ̀ṣun oṣù kẹjọ, torí ìgbà yẹn ni àlejò máa ń pọ̀. Àbúrò ọkọ mi ní kí n yá òun kí òun fi ra ọ̀kadà. Èyí tó yá lésìí, kò tíì san án tán! Ọkọ mi ní òun ò dá sí i. Mo fi ₦50,000 lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ìyakọ mi sì ti ń fajú ro. Ọkọ ni mo ṣáà ń pe àbúrò ọkọ mi yìí, ẹ mọ̀ bí ilé ọkọ ṣe rí.

Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ tí kò fi ní dìjà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.