Start-up kì í ṣe "ilé-iṣẹ́ kékeré"

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe start-up, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń wá bí yóò ṣe yára dàgbà, ní "ilé-iṣẹ́ kékeré", kí á sì pe irú Google àti Microsoft ní "ilé-iṣẹ́ ńlá". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI).

Ẹ wo OpenAI. Ọdún 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó gbé ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Google ni jìnnìjìnnì bá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òṣìṣẹ́ Google gan-an ló kọ ìwé ìwádìí ọdún 2017 lórí Transformer, ìmọ̀ tó gbé ChatGPT ró. Google sáré polówó Bard, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 2023. Bard ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa awò ojú ọ̀run James Webb nínú ìpolówó náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 dọ́là sì yọ lára iye tí ilé-iṣẹ́ tó ni Google tó lọ́jà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó fa irú èyí, ṣé a lè pè é ní kékeré?

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí kálukú ní nílẹ̀: owó, kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ, oníbàárà. Nítorí náà, mo dábàá "ilé-iṣẹ́ afìdímúlẹ̀" fún Google, Microsoft àti Amazon, àti "ilé-iṣẹ́ aṣẹ̀ṣẹ̀dé" fún OpenAI, Anthropic àti Mistral ti ìlú Paris. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé lè ga ju ẹni tó bá nílé lọ.

Ní ti generative, ìyẹn irú AI tó ń kọ ọ̀rọ̀ tàbí ya àwòrán jáde, "amóhunjáde" tẹ́ mi lọ́rùn. "Aṣẹ̀dá" ti gbé iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

"Ìdíje" tí a ń lò fún competition gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú ìdíje, kálukú ló ń sá eré tirẹ̀. Microsoft fi bílíọ̀nù 1 dọ́là sínú OpenAI ní 2019, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù kún un lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, nínú ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ti 2024, ó ka OpenAI mọ́ àwọn abánidíje rẹ̀. Amazon àti Google fi owó sínú Anthropic, àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀rọ tiwọn tó ń bá Claude, ẹ̀rọ Anthropic, du oníbàárà. Púpọ̀ nínú owó náà tún ń padà sọ́dọ̀ wọn, torí kọ̀ǹpútà wọn ni aṣẹ̀ṣẹ̀dé ń yá lò. Orogún nìkan ni mo mọ̀ tó ń bára wọn du nǹkan lábẹ́ òrùlé kan náà, ìyẹn ni mo ṣe dábàá "ìdíje orogún". Àwọn kan máa ní ó bu obìnrin kù, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́ sí gbígbọ́. Àwọn mìíràn lè ní Microsoft ni ọkọ, òun náà tún ni orogún. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ṣì sún mọ́ òótọ́ ju "ìdíje" lásán lọ.

Ó ku ohun kan tí a ò tíì rí orúkọ fún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Microsoft gba Mustafa Suleyman, ọ̀gá Inflection tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣẹ̀ṣẹ̀dé, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ síṣẹ́, ó sì sanwó kí ó lè lo ìmọ̀ wọn, àmọ́ Inflection ò parẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, ohun tó jọ ọ́ ni Google ṣe nígbà tó gba Noam Shazeer, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé ọdún 2017 yẹn, padà láti Character.AI, aṣẹ̀ṣẹ̀dé mìíràn. Àwọn kan níbí ti kọ "rà". Wọn ò ra ilé-iṣẹ́ kankan. CMA, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní Ìlú Ọba, ló pinnu pé ọ̀ràn Inflection jẹ́ àdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ lójú òfin, kó tó wá ní kò pa ìdíje lára. "Ìgba-òṣìṣẹ́-fi-ilé-sílẹ̀" ni mo rí, ó sì gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí "rà" má sí nínú rẹ̀, kó má sì dà bíi pé tipátipá ni wọ́n fi kó àwọn tó lọ.