Flowchart ọmọ mi: 4 nínú 10. Kí ló ṣì yà?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2 níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ya flowchart, ìyẹn àwòrán àpótí àti ọfà tó ń fi ìgbésẹ̀ iṣẹ́ hàn, tí yóò gba máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 10, kó sì ka iye àwọn tó gba 50 sókè. Inú àpótí onígun mẹ́rin ló kọ gbogbo rẹ̀ sí, àfi "Ṣé ó tó 50?" tó fi sínú dáyámọ́ńdì. Ọfà "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ síbi kíkà, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ sí Stop. Ẹkún ló sun sùn lánàá. Aṣọ ni mò ń rán, n kò mọ kọ̀ǹpútà. Ṣé torí àpótí lásán ni wọ́n ṣe gé máàkì rẹ̀ tó báyìí?

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Sábó: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àpótí ọ̀hún ní ìtumọ̀ o. Èyí tó rí bí ẹyin gígùn ni Start àti Stop. Onígun mẹ́rin tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni a fi ń gba máàkì wọlé, òun náà la fi ń tẹ èsì jáde. Èyí tó dúró ṣánṣán wà fún ìṣirò. Olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ó wà nínú ISO 5807, ìlànà àgbáyé fún irú àwòrán yìí, ti ọdún 1985.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ọfà "Bẹ́ẹ̀ kọ́" yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá gba 35, iṣẹ́ parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní ka ti àwọn 9 yòókù. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K = 0 (iye máàkì tó ti gbà) àti Y = 0 (iye àwọn tó gba 50 sókè). Bó bá ti gba máàkì kan, kó fi 1 kún K. Bí máàkì náà bá tó 50, kó fi 1 kún Y. Bí kò bá tó, kó fo ibẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì á wá pàdé níbi dáyámọ́ńdì kejì: "Ṣé K ti pé 10?" Bí kò bá tíì pé, ọfà á padà síbi gbígba máàkì. Kó má padà síbi 0 o, gbogbo ohun tó ti kà ló máa dànù! Bó bá pé, kó tẹ Y jáde, ó di Stop.

Ẹni tó béèrè: Ó ti yé mi! Bí mo ṣe ń wọn àwọn tó fẹ́ rán aṣọ ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Bí mo bá wọn ẹnìkan tán, mo tún na téèpù fún ẹlòmíì, n kì í ya ìwé tí mo ti kọ sí.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Sábó: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà. Kó tún un yà, kó wá fi 3 rọ́pò 10 ná, kó fi 35, 50 àti 72 dán an wò. Kó ṣọ́ 50 yẹn dáadáa: bó bá kọ "ju 50 lọ", ọmọ tó gba 50 géérégé á fìdí rẹmi. Bó bá yà á re, 2 ni Y máa jẹ́.