Wọ́n ní kókó ẹsẹ̀ àbúrò mi jẹjẹrẹ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Túsìdeè ni orí mi ti dàrú, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, ó ní kókó kékeré kan lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún níbi tí okùn bàtà ń gbà kọjá, ó ti tó ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Kì í dùn ún tẹ́lẹ̀, wọ́n ní omi ló kóra jọ, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tó wá ń dùn ún lóru la lọ sí ọsibítù kékeré kan, dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, ó gé e jáde, kò tó ogún ìṣẹ́jú a ti ń lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ èsì dé, synovial sarcoma ni wọ́n kọ síbẹ̀. Dókítà yẹn ò ṣàlàyé ju pé jẹjẹrẹ ẹran ara ni, kì í ṣe ti egungun, ká wá ọsibítù ńlá lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ ẹran ara gan-an? Ṣé gígé tí wọ́n gé e yẹn ti tán an? Ṣé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni? Ọmọ yẹn ò sùn, èmi náà ò sùn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni, Ọlọ́run á fún yín lókun. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ awọ wa, tá a bá yọ egungun kúrò, ọ̀rá wà níbẹ̀, iṣan wà, òpó ẹ̀jẹ̀ wà, àwọn okùn tó so ẹran mọ́ egungun náà wà. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ látinú èyíkéyìí nínú wọn ni wọ́n ń pè ní sàkómà ẹran ara, oríṣi ẹ̀ sì lé ní 50. Kò wọ́pọ̀ rárá, nínú 100 àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ, bí ẹnì kan ló máa jẹ́ irú èyí, ìdí nìyẹn tí dókítà kan fi lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfojú kàn án rí. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, kò yẹ kí dókítà yẹn fi ọ̀bẹ kàn án láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀ wò.

Ti synovial yìí, àwọn tó kọ́kọ́ rí i rò pé awọ inú oríkèé ló ti ń wá ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, ó sì lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ọdún méjì mẹ́ta kó máa rọra dàgbà, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ, torí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé jẹjẹrẹ máa ń yára wú. Wọ́n tún máa ń sọ pé kókó tó bá ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ ni kéèyàn fura sí, ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, torí kò sí àyè lẹ́sẹ̀, kékeré náà ti tó kéèyàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé ó ti tán? Ẹ má gbà pé ó ti tán o. Tí wọ́n bá gé e láìmọ ohun tó jẹ́, ó sábà máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀, wọ́n máa ní láti padà gé àyíká ibẹ̀ títí wọ́n á fi kan ẹran tó mọ́. Ẹ gba ẹran tí wọ́n gé yẹn lọ́wọ́ láàbù, kí láàbù tó mọ sàkómà dáadáa tún un yẹ̀ wò, wọ́n á ya MRI ẹsẹ̀, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ òòfà yà, wọ́n á sì ya skáànù àyà torí inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà rìn, ẹ̀dọ̀fóró ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ya ojú ọgbẹ́ yẹn títí ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú sàkómà.

Alágídí61
Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Èmi náà ní in lẹ́bàá gìgísẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Tèmi, wọ́n kọ́kọ́ ya MRI, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ ńlá mú díẹ̀ jáde, dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ló yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé torí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ yẹn náà wọ́n máa gé e kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ìtànṣán sun ún nígbà 25, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí wọ́n tó gé e. Wọ́n bu awọ itan mi bò ó. Mi ò ní tàn yín, ojú abẹ yẹn ò tètè jinná, awọ ẹsẹ̀ ò nípọn, ìtànṣán sì máa ń dá a dúró, oṣù mẹ́rin ni mo fi lo ọ̀pá. Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lára mi. Ẹni tá a jọ ń gba ìtọ́jú, wọ́n gé tiẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún torí ó ti wọ́ yí iṣan ká, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi ń rìn, ó yá lẹ́sẹ̀ jù mí lọ nígbà míì.

Tòkítòkí
Ṣé òun náà ló pa Bob Marley? Èmi náà ní kókó kan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, àyà mi ti ń já.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Rárá o. Mẹlanómà, jẹjẹrẹ awọ, ni ti Bob Marley, abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí i ní 1977, ó kú ní 1981. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ yín, èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ẹsẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹ má pa ara yín láyà. Àmọ́ tó bá ń tóbi sí i, tó bá le tí kò yí sọ́tùn-ún sósì, tàbí tó ń jí yín lóru, ẹ ní kí wọ́n yà á wò kí ẹnikẹ́ni tó gé e.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ti lọ gba ẹran yẹn ní láàbù lónìí, Mọ́ńdè ni MRI. Mo ka ọ̀rọ̀ Alágídí fún un, ó sunkún, ó wá jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ látàná. Ó ní kí n bi yín, sà, irú bàtà wo lẹ ń wọ̀ báyìí?

Alágídí61
Sọ fún un pé bàtà tó fẹ̀, tó rọ̀ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò tóbi bákan náà mọ́, nítorí náà pẹ́ẹ̀ méjì ni mo máa ń rà, màá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.